Kí Ẹ Tó Ra Ilé Ìgbafẹ́ Tó Ti Kú

Bíríkílà ni mí, l'Óṣogbo. Àwọn tó wà lókè òkun máa ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn wo ilé àlejò tàbí ọgbà ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì, tí wọ́n fẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú. Ògiri ni wọ́n ní kí n wò. Ohun tó pa ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wádìí.

Ẹ má bi ẹni tó fẹ́ tà á. Ẹ lọ bá ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló ń wá tẹ́lẹ̀? Kí ló ń gbé wọn wá? Bó bá jẹ́ pé onílé ló kú, tí àwọn ọmọ ń bára wọn jà, ó ṣeé tún ṣe, bí ẹjọ́ bá tán. Ṣùgbọ́n bí ohun tó ń gbé àlejò wá bá ti lọ, ẹ jẹ́ kówó yín wà lápò.

Ẹ wo Villa Epecuén ní Argẹntínà. Adágún oníyọ̀ ló sọ ọ́ di ìlú ìgbafẹ́. Adágún yẹn náà ló ya wọlé lóṣù kọkànlá ọdún 1985, tó gbé ìlú mì. Grossinger's ń kọ́, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà lórí òkè Catskill ní ìpínlẹ̀ New York? Ooru ìgboro ló ń lé èèyàn lọ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù dé inú ilé, tí ọkọ̀ òfuurufú ò sì wọ́n mọ́, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n tì í ní 1986. Símẹ́ńtì wo ló máa tún ìyẹn ṣe?

Tiwa níbí, oṣù kẹjọ ló ń tan èèyàn. Ọdún Ọ̀ṣun á dé, yàrá á kún fọ́fọ́, onílé á ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Ẹ wá lóṣù kejì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Ẹ ju korobá sínú kànga fúnra yín. Ẹ rìn lálẹ́, kẹ́ ẹ ka iye yàrá tí iná ń tàn nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí.

Ilé gan-an wá kù. Ẹ gun òkè àjà, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé: tí ọ̀bẹ bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì, torí wáyà ni olè kọ́kọ́ máa ń fà yọ. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó ti sán, ẹ da yẹ̀pẹ̀ dí i. Owó tó máa jẹ pọ̀ ju èyí tó máa mú wọlé lọ (àwọn ọmọ yín á bínú, ẹ fara dà á).

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yẹ ìwé ilẹ̀ wò, kí olórí ẹbí sì fọwọ́ sí i níṣojú yín. Iye tí wọ́n bá pè, ẹ yọ owó páànù, igi òrùlé àti wáyà kúrò nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fèsì.