Bí mo ṣe yọ CD mẹ́fà tó há sínú rédíò ọkọ̀ mi

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni rédíò ọkọ̀ mi fi gbé CD mẹ́fà mì, tí kò bì wọ́n. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì tó ń yọ ọ́, á kùn, á ta kọ́-kọ́-kọ́, á sì dákẹ́.

Mo kọ́kọ́ tú wáyà nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì fún ìṣẹ́jú 15. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé kóòdù rédíò yín, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i, wà lọ́wọ́ o, torí àwọn kan kì í ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí i. Nígbà tí mo dá a padà, méjì jáde, mẹ́rin kọ̀.

Ni mo bá tú rédíò náà kúrò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo ṣí ìdérí rẹ̀. Àṣé ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ojú CD kan ni ooru ti ká sókè, tó wá lẹ̀ mọ́ rọ́bà tó ń fa CD wọlé! CD fúnra rẹ̀ ò nípọn ju mìlímítà 1.2 lọ, àyè ibẹ̀ ò gba ìwé kún un. Mo fi ìka yí jíà oníke tó ń yí rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi sípíríìtì nu rọ́bà náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ọ̀bẹ bọ ẹnu rẹ̀ rárá.