Bí mo ṣe fi àjọ ìkẹyìn lọ sọ́dún Ọ̀ṣun

Ẹni bá ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nílùú Àjàṣẹ́ lórílẹ̀-èdè Benin, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, á tètè mọ̀ pé iye wákàtí tóun bá kọ́ ni wọ́n máa san fóun. Bí ilé-ìwé bá ti lọ ìsinmi lóṣù kẹfà, owó náà lọ ìsinmi tirẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, inú yàrá ni mo ti lo ọlidé gígùn, mò ń ka pákó àjà. Lọ́dún kẹta ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo fẹ́ lọ sílé, kí n sì wo ọdún Ọ̀ṣun tí mi ò tíì fojú kàn látìgbà tí mo ti kúrò ní Òṣogbo. Àwọn méjì tá a jọ ń kọ́ni ní àwọn náà á bá mi lọ: ọ̀gbẹ́ni kan, ará Kétu, tó ń kọ́ wọn ní Faransé, àti obìnrin kan, ọmọ Gánà, tí òun náà ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní èmi ọmọ onílùú ni kí n ṣètò ẹ̀.

Ibi tí owó ti máa wá ni mo kọ́kọ́ mójú tó. A máa ń dá àjọ láàárín àwa olùkọ́, tontine ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Àwa mẹ́jọ ni, 12,500 sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, lóṣù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹfà. Ti oṣù kejìlá ni gbogbo wọn máa ń jà sí nítorí Kérésì. Èmi ní kí wọ́n fi èmi sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ló ń fẹ́ kó àjọ gbẹ̀yìn. Àmọ́ nígbà tí owó oṣù ìkẹyìn wọlé, tí kálukú ń ronú bó ṣe máa la oṣù keje já, 100,000 bọ́ sí mi lọ́wọ́ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀. Mo yọ 40,000 sọ́tọ̀ fún owó ilé àti gaàrí tí màá bá nílé tí mo bá padà dé. 60,000 yòókù ni ti ìrìnàjò. Mo ní kí àwọn méjì yẹn náà má mú ju iye yẹn lọ, kí ẹnì kan má baà máa náwó kí ẹnì kejì máa wò ó lẹ́nu.

Ọjọ́ tá a máa lọ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ọjọ́ tí Arugbá máa ń ru igbá lọ sódò ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ọdún Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é lóṣù kẹjọ. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, àtàwọn èèyàn rẹ̀ máa ń wọ́ pópó ìlú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, kí wọ́n tó wá ṣe Ìbọríadé, níbi tí wọ́n ti ń bọ adé àwọn ọba tó ti jẹ kọjá. Ọjọ́ Arugbá ló ń kẹ́yìn, ọjọ́ yẹn sì ni gbogbo ayé ń dà sí Òṣogbo, tòyìnbó tèèyàn dúdú. Ẹni tó bá ní yàrá tó ń háyà lásìkò yẹn, ọba ni. Nítorí náà mo ní ká dé lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú Ìwọ́pópó, ká sì gbéra padà lọ́jọ́ Àìkú kejì, kí ọ̀sẹ̀ Arugbá tó gbóná. Ọmọ Gánà bínú. Ó ní ṣé òun á lọ síbi ọdún kóun má rí Arugbá ni. Mo ní kó wò ó lórí fóònù.

Ọmọ ECOWAS ni gbogbo wa, fìsà ò kàn wá, 90 ọjọ́ lèèyàn lè lò. Páásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ni mo ní kí kálukú mú dání. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo béèrè káàdì yìí lọ́wọ́ ará Kétu, ló bá ní òun ò ní. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó ń dá ẹnì kan lójú ní bodè. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á lọ́wọ́ dé ibi abẹ́rẹ́.

Ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ ni Sẹ̀mẹ̀, tó gba Badagry wọ Èkó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó lè jẹ́ kéèyàn sùn sójú ọ̀nà, owó yàrá sì nìyẹn. A gba Ìgólò, a sọdá sí Ìdí-Ìrókò, a wọkọ̀ dé Sàngó-Ọ̀tà, láti Sàngó sí Ìbàdàn, láti Ìbàdàn sí Òṣogbo. Ọkọ̀ wíwọ̀ náà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ owó gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bí 12,000 náírà lọ láti bodè délé. Ohun tí mi ò kọ sínú ìwé ètò mi ni àwọn tó dúró lójú ọ̀nà. Láti Ìdí-Ìrókò jáde, ibi tí wọ́n ti fi igi dábùú títì pọ̀ débi pé mo jáwọ́ kíkà nígbà tó di mẹ́rìnlá. Ìwé wa pé o. Síbẹ̀, awakọ̀ wa ń na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé níbi gbogbo. Àṣé ó ti ṣírò owó yẹn mọ́ owó ọkọ̀ wa kó tó gbéra.

Owó tí mo ṣẹ́ ní bodè ò ju 10,000 sẹ́fà lọ. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Àjàṣẹ́ ló gba ìyókù lọ́wọ́ mi, torí Òṣogbo làwọn tó ń bá a ṣe aṣọ wà. Ó ní kí wọ́n kó náírà fún mi tí mo bá délé, ní iye tí sẹ́fà ń lọ lọ́jọ́ yẹn, 1,000 sẹ́fà sí 2,500 náírà ó lé díẹ̀. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó lábẹ́ agboòrùn ní bodè ò dé ibẹ̀ rárá.

Ti yàrá ló wá yí mi lọ́wọ́. Láti oṣù karùn-ún ni mo ti pe hòtẹ́ẹ̀lì kan, 15,000 náírà lálẹ́ kan la sì jọ sọ. Mo fowó alẹ́ kan ránṣẹ́ fún yàrá méjì, ìyẹn 30,000. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tá a bọ́ọ́lẹ̀ ní Old Garage. A gbé kọ́rópe débẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wa. Ọmọbìnrin tó jókòó sí kàǹtá wo ìwé, ó wojú wa, ó ní: “Ẹ kú ìrìn o. Ẹ mọ̀ pé ọdún ti dé? 32,000 ni báyìí.” Mo fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi hàn án. Ó ní owó àtijọ́ nìyẹn. Mo bẹ̀, mo pariwo, mo tún bẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wọn jáde, 20,000 ló dá padà, ó ní ìyókù ti bá yàrá tí wọ́n dì mú dè wá lọ.

Ibi tá a ti dúró lẹ́nu géètì ni màámi ti pè.

“Níbo lẹ wà? Mo ti ro àmàlà, ó ti ń tutù.”

Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“Hòtẹ́ẹ̀lì? Ìwọ ọmọ yìí, o kó àlejò wá sí Òṣogbo, o ń kó wọn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, èmi ìyá ẹ sì wà láyé? Kí ni mo fi ṣe ọ́?”

Bí ará Kétu ṣe bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín nìyẹn, torí mo ti gbé fóònù sí sípíkà. Nígbà tá a délé, tó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n bi í níbi tó ti wá. Ó ní Kétu. Màámi ní: “Ọmọ Alákétu! Ta ló wá ń pè yín ní àlejò?” Pálọ̀ ló sùn sí fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, lábẹ́ fáànù tí iná bá wà. Èmi àti ọmọ Gánà jọ pín bẹ́ẹ̀dì. A fún màámi lówó ọbẹ̀, wọ́n kọ̀ ọ́. La bá lọ Ọjà-Ọba, a ra èlùbọ́, ẹ̀wà àti epo, a kó o sí kíṣìnnì láì sọ̀rọ̀. Wọ́n kùn títí, wọ́n sì sè é.

Ọjọ́ yòókù, ẹsẹ̀ la fi rìn ín. A lọ wo ilé tí Susanne Wenger, oyìnbó ayàwòrán ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, gbé lójú ọ̀nà Ìbòkun títí tó fi kú lọ́dún 2009. A ò san kọ́bọ̀ láti dúró wò ó láti ìta. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005, gbowó ìwọlé, àmọ́ owó tó tọ́ ni. Ọ̀bọ kan gba bisikíìtì lọ́wọ́ ọmọ Gánà. Odò náà ló ba ọkàn mi jẹ́. Ó pupa bí omi tí wọ́n fi po amọ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Màámi ti kìlọ̀ fún wa kí á tó jáde: “Ẹ bu omi náà fi pajú, ẹ má gbé e mì.”

Lálẹ́ àtùpà ni ọmọ Gánà yẹn dárí jì mí. Wọ́n gbé ọ̀pá àtùpà náà nàró síwájú ààfin, ojú mẹ́rìndínlógún, òwú tí wọ́n fi epo rẹ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe tàn án, tí Àtáọ́ja àtàwọn tiẹ̀ ń jó yí i ká, tí ìlù ń dún, kò sẹ́ni tó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa. Àkàrà tó gbóná fẹlifẹli la jẹ níbẹ̀. Ó di nǹkan bí aago méjì òru kí n tó rí i fà kúrò níbẹ̀.

Nígbà tá a padà dé Àjàṣẹ́, 11,000 sẹ́fà ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi. Lóṣù kọkànlá, a tún jókòó láti pín àjọ, mo ní kí wọ́n fi èmi sẹ́yìn. Ará Kétu ní òun ti gbà á. Ọmọ Gánà ní òun ló kọ́kọ́ sọ. Àwọn mẹ́ta míì náà nawọ́ sókè. A ṣẹ́ ìbò. Oṣù kejìlá ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.