Alágbàtà Fojú Mi Rí Màbo Lórí Àwo Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ ṣáà ra àwo Starlink, èyí tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara sátẹ́láìtì, kí ẹ gbé e sórí mọ́tò, kí ẹ sì máa fi íntánẹ́ẹ̀tì òfuurufú rìnrìn àjò kiri, ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti rà á rí. Èmi ti rà á. Owó tí mo rò pé yóò parí iṣẹ́ náà kò gbé mi dé ìdajì ọ̀nà. Kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ni sátẹ́láìtì ló jẹ owó ọ̀hún. Alágbàtà kan ní Ìkẹjà ni, tó ta ohun olóhun fún mi.

Ṣómólú ni mò ń gbé, iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Bí wọ́n bá ń sin òkú àgbà, tàbí tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó, tí àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà ò lè wálé, èmi ni mo máa ń gbé e sórí YouTube kí wọ́n lè máa wò ó bó ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìnáwó yìí kì í ṣẹlẹ̀ ní Èkó, ìlú bàbá ni wọ́n ń gbé òkú lọ. Nítorí náà ni mo ṣe yọ àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì mi, mo gbé bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù onígáàsì sí i, inú ibẹ̀ lèmi àti ọmọṣẹ́ mi ń sùn dípò òtẹ́ẹ̀lì. Ilé ìgbín ni ìyàwó mi ń pè é.

Láti Ṣómólú dé Ìkòròdú, dátà fóònù tó fún mi. Ẹ wá wọ abúlé lápá Òkè-Ògùn, ẹ ó rí ojú ayé. Ọjọ́ kan wà tí pósí ń wọlẹ̀ lọ́wọ́ tí àwòrán dúró gbagidi, àwọn ọmọ olóòkú ń pariwo lórí fóònù láti òkè òkun. Mo dá owó padà fún wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu.

Oṣù Kìíní 2023 ni Starlink bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Nígbà tó di ìparí 2024, wọ́n dá títa àwo tuntun fún ilé dúró, bẹ́ẹ̀ ni àlòkù ṣe di ọjà gidi lọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn ni mo ti ra tèmi. Ó so ó lójú mi, mo fi wo fídíò, mo gbé nǹkan sórí YouTube láti ibẹ̀, ó ń sáré. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i bó ṣe ń fò?" Mo rí i. Mo sanwó.

Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí oṣù pé, ó dákẹ́. Kò bàjẹ́ o: iná rẹ̀ ń tàn, ó ń yí orí kiri bíi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan ṣoṣo ni fóònù ń gbé wá, pé kí oní-àkáǹtì wá sanwó. Mo ní kí n kúkú fi orúkọ ara mi sí i. Mo tẹ nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KIT lára páálí, èsì tó jáde ni pé àwo yìí ti wà lórí àkáǹtì ẹlòmíì. Bó ṣe rí nìyẹn: àkáǹtì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń so àwo kọ̀ọ̀kan mọ́, ẹni tó ni àkáǹtì náà nìkan ló sì lè tú u sílẹ̀. Bí gbèsè bá wà níbẹ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ san án. Òfin náà bọ́gbọ́n mu, bí kò bá sí i, àwọn olè ì bá ti tú gbogbo àwo orí òrùlé Lekki tà tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí òfin wá mú!

Mo pe alágbàtà. "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi di alẹ́." Alẹ́ lẹ́, ilẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá kò gbé ìpè mi mọ́. Mo fi fóònù ìyàwó mi pè é, ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ló bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun ò dáa. Ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì jẹun!

Mo gba Ìkẹjà lọ. Ó búra pé ẹnì kan ló tà á fún òun, ẹni yẹn náà rà á lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìnáwó Ìṣẹ́yìn sì ti wà níwájú mi, mo ti gba àsansílẹ̀. Èmi náà gbé àga, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà tó bá dé, màá kí i káàbọ̀, màá sì rọra sọ ohun tó gbé mi wá fún un. Mi ò jà, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti rí nọ́ńbà ẹni tó ni àkáǹtì, àṣé ó wà lórí fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ọmọ Ṣómólú ni mí, kò mọ̀ ni.

Bàbá kan ní Kánádà ló gbé ìpè. Mo kí wọn, mo ṣàlàyé.

"Àwo wo? Àbúrò mi ni mo ní kó bá mi tọ́jú rẹ̀ sílé!"

Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ẹbí. Èmi tí mo wá íntánẹ́ẹ̀tì lọ wá di ẹni tó ń bá wọn parí ìjà ilé tí mi ò mọ ọ̀nà rẹ̀. Bàbá náà fẹ́ gba àwo wọn padà, mo sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi náà fi owó rà á ni." Àbúrò wọn tọrọ àforíjì tán, ó wá ku gbèsè oṣù kan tó wà lórí àkáǹtì, ìyẹn sì já lé mi lórí. A tún ní kí wọ́n wọlé sí i, wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, ímeèlì tí wọ́n fi ṣí i náà, fóònù tó ń gba kóòdù rẹ̀ ti sọnù. Ìṣẹ́yìn ti kọjá kó tó yanjú, àwo ẹlòmíì ni mo yá lọ síbẹ̀, èrè ìnáwó yẹn ló sì gbé lọ. Ọjọ́ tí bàbá yọ ọ́ kúrò lórúkọ wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi gbé e sórí tèmi. Ìṣẹ́jú díẹ̀!

Ẹ má bi mí nípa bí wọ́n ṣe jó irin rẹ̀ mọ́ orí bọ́ọ̀sì, jórinjórin yín mọ̀ ọ́n. Iná ni kí ẹ ronú sí. Irú àwo mi tó ń yí orí fúnra rẹ̀ ń jẹ wáàtì 50 sí 75, iná 220 ló sì ń fẹ́, ìyẹn ni pé ẹ nílò ínfátà. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah, bó bá jẹ́ aláásíìdì, ẹ ò gbọdọ̀ lò ó kọjá ìdajì, ó lè gbé àwo fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Kékeré tí wọ́n ń pè ní Mini ń jẹ wáàtì 25 sí 40, ó sì lè gba iná 12V láìsí ínfátà. Òun ni màá rà bí mo bá tún fẹ́ rà. Ètò Roam náà ni ẹni tó ń rìn gbọ́dọ̀ san, ètò ilé ò kúrò ní àdírẹ́sì tí wọ́n so ó mọ́.

Igi tún jẹ́ ọ̀tá. Sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n dúró sójú kan ní kìlómítà 35,786, ṣùgbọ́n ti Starlink ń sáré kọjá ní nǹkan bíi 550, àwo á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èyí fún èyí. Bí ọ̀kan bá ti kọjá sẹ́yìn igi, àwòrán á já. Àgbọn Badagry fojú mi rí i kí n tó rí ibi tó ṣófo páákì sí.

Ṣé ó tó owó tí mo ná? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Fídíò tó mọ́ ń fẹ́ bíi megabit márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí mẹ́rin kò ju gígà 9 lọ. Dátà gígà 9 lórí fóònù kéré gan-an sí owó oṣù àwo. Owó oṣù ọ̀hún náà kì í dúró: ní oṣù Kẹwàá 2024 wọ́n kéde pé ètò ilé yóò kúrò ní ₦38,000 sí ₦75,000, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ló ní nígbà náà pé àwọn ò tíì fọwọ́ sí i. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ò sí ni mo ń sanwó fún. Láti ìgbà tó ti di orúkọ mi, mi ò tíì dá owó padà fún ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ògùn, mo sì ti fi owó kún iye tí mò ń gbà níbẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ máa wo fíìmù lọ́nà, kó ra dátà. Ẹni tó sì fẹ́ ra àlòkù, kí oní-àkáǹtì yọ ọ́ kúrò lórúkọ rẹ̀ lójú yín kí ẹ tó ka owó, bí ó tiẹ̀ ń fò níwájú yín.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí mo ṣe ìgbéyàwó kan ní Marina, ilé gíga bo ọ̀run lọ́tùn-ún lósì. Mo fi àwo sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, síìmù méjì ni mo fi ṣe é. Oníbàárà ò mọ̀yàtọ̀, iye kan náà ni mo gbà.