Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tí Ń Tún Òfin Bọ́ọ̀lù Kọ fún Ìdíje Wọn

Nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ dá ìdíje bọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀, ó máa ń gbé ìwé òfin rẹ̀ wá fún mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì máa ń mọ ohun tí n óò bá níbẹ̀ kí n tó ṣí i. Òfin tuntun mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn yóò dùn létí, owó púpọ̀ yóò sì ti bá ohun èlò lọ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ro ohun tí agbábọ́ọ̀lù tí ó fẹ́ borí lọ́nàkọnà yóò fi òfin náà ṣe. Mo ti fọn fèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń kọ òfin ìdíje fún ọmọdé àti fún àgbàlagbà tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbádùn ara wọn. Èmi náà ti kọ òfin tí ó dójú tì mí, n óò sì jẹ́wọ́ rẹ̀ láìpẹ́, kí ẹ má baà rò pé aláìlẹ́ṣẹ̀ ni ó ń bá yín wí.

Ìkíní: ẹ má ṣe yí òfin kankan padà láìmọ èyí tí a fi ààyè sílẹ̀ fún yín láti yí. Òfin bọ́ọ̀lù jẹ́ 17, ìgbìmọ̀ IFAB tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1886 ni ó sì ni wọ́n. Ìbò mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀: FIFA ní mẹ́rin, àjọ bọ́ọ̀lù mẹ́rin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tílándì, Wéèlì àti Àríwá Áílándì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àyàfi bí mẹ́fà bá ṣọ̀kan ni òfin fi ń yí. Ṣùgbọ́n fún ọmọdé, fún àwọn tí ọjọ́ orí ti ń lọ, fún àwọn tí ó ní ìpèníjà ara àti fún eré ìpele ìsàlẹ̀, bí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè yín bá ti fọwọ́ sí i, ẹ lè dín pápá kù, ẹ lè lo bọ́ọ̀lù kékeré, ẹ lè gé àkókò kúrú, ẹni tí ẹ ti pààrọ̀ lè padà wọlé, ẹ sì lè rán oníwà àìtọ́ jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí nìkan tó láti fi tún ìdíje ṣe láìná owó kankan, síbẹ̀ àwọn ni a kì í kà.

Ìkejì: ẹ má ṣe ra kámẹ́rà. Kámẹ́rà méjì lórí igi kò lè ṣe iṣẹ́ VAR, ìyẹn fídíò tí a fi ń ran rẹfirí lọ́wọ́. Àríyànjiyàn tuntun ni yóò dá sílẹ̀, rẹfirí yín ni yóò sì gba èébú rẹ̀.

Ìkẹta: ẹ má ṣe fi ẹ̀bùn ra góòlù. Ìjẹ́wọ́ mi rèé. Ní ọdún kan, mo kọ ọ́ sínú òfin pé ẹgbẹ́ tí ó bá gbá góòlù mẹ́ta wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan yóò gba àmì kan lé orí èyí tí ó bá ní, bóyá ó borí tàbí kò borí. Mo rò pé eré yóò gbóná. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ìpele àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ méjì tí ọ̀mì yóò gbé lọ sí ìpele tí ó kàn wọ pápá, wọ́n gbá 3-3 kí ìṣẹ́jú ogún tó pé, àwọn aṣọ́lé méjèèjì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń ta bọ́ọ̀lù sí ara wọn ní àárín pápá títí eré fi parí. Èmi gan-an ni rẹfirí ọjọ́ náà. Kò sí òfin kan tí wọ́n rú tí mo lè fọn fèrè sí, nítorí èmi ni mo kọ òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé.

Àwọn tí ó jù mí lọ náà ti bọ́ sínú kòtò yìí. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1994, Barbados pàdé Grenada nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti wọ ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Karibíánì. Barbados nílò kí ó fi góòlù méjì borí kí ó tó lè kọjá, òfin ìdíje náà sì sọ pé góòlù tí ó bá parí eré ní àfikún àkókò yóò jẹ́ méjì. Barbados ti ń fi 2-0 borí kí Grenada tó dá ọ̀kan padà ní ìṣẹ́jú 83. Nígbà tí àkókò ń lọ, Barbados mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ara wọn ní ìṣẹ́jú 87, kí ó lè di 2-2, kí eré sì lè wọ àfikún àkókò. Grenada wá rí i pé góòlù kan péré, ìbáà ṣe sínú àwọ̀n ara wọn, yóò gbé àwọn kọjá, ni Barbados bá ń ṣọ́ àwọ̀n méjèèjì! Ní àfikún àkókò, wọ́n gbá góòlù onílọ́po méjì náà, èsì sì di 4-2.

Ẹ fi èyí wé ohun tí a ṣe ní ọdún 1992. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1990 ní Ítálì, góòlù 115 péré ni a rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 52, nítorí pé bí ẹgbẹ́ kan bá ti gbá ọ̀kan wọlé, bọ́ọ̀lù yóò máa lọ bá aṣọ́lé, aṣọ́lé yóò máa fi ọwọ́ gbé e, ìṣẹ́jú yóò sì máa lọ. IFAB kò ṣèlérí ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn kọ̀ fún aṣọ́lé láti fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá sí i. Ọ̀nà tí ọ̀lẹ ń gbà ni wọ́n dí, eré sì yá.

Ọ̀rọ̀ orí ni ó kàn, òun gan-an ni ó sì mú mi kọ gbogbo èyí. Fìlà onítìmùtìmù ni ohun tí mo ń rí jù lọ nínú ìwé owó àwọn tí ń dá ìdíje ọmọdé sílẹ̀. Lóòótọ́, òfin gba fìlà náà láàyè, lóòótọ́ ni aṣọ́lé Petr Čech ń dé irú rẹ̀ lẹ́yìn tí agbárí rẹ̀ fọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ó sì lè dáàbò bo agbárí tí ó ti ní ọgbẹ́ àti awọ orí tí ó lè là. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Ẹ fi ẹyin sínú ìkòkò, kí ẹ fi aṣọ wé ìkòkò náà dáadáa, kí ẹ wá mì ín: aṣọ kò ní kí ẹyin má kọlu ara ìkòkò.

Mo wà níbi ìdíje kan tí gbogbo ọmọ ti dé fìlà tuntun. Ọmọ méjì fi orí gbá orí, ọ̀kan ṣubú, ó dìde, ó ń tàgé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ da omi lé e lórí, ó tún fìlà rẹ̀ dé fún un, ó sì tì í padà sínú pápá. Nígbà tí mo yarí pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ jáde, ìdáhùn tí mo gbà ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ó ṣáà dé fìlà.” N kò lè bú akọ́nimọ̀ọ́gbá náà tán, nítorí pé nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ yìí, agbábọ́ọ̀lù kan tí a ti fi ìgbọ̀nwọ́ gbá lórí bi mí léèmejì pé apá ibo ni àwọn ń gbá bọ́ọ̀lù sí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní aláwàdà ni. Ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014, Christoph Kramer ti Jámánì bi rẹfirí Nicola Rizzoli bóyá àṣekágbá ni eré tí àwọn ń gbá, a kò sì mú un jáde títí di ìṣẹ́jú 31.

Òfin kan ṣoṣo tí ẹ óò kọ sínú ìwé yín ni ohun tí ó ń ṣiṣẹ́, kò sì gba owó. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Keje, ọdún 2024, ìdíje tí ó bá fẹ́ lè gba ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láàyè láti pààrọ̀ ẹnì kan tí a fura sí pé ọpọlọ rẹ̀ mì, láìkà á mọ́ iye àwọn tí wọ́n lè pààrọ̀. Ẹgbẹ́ kejì yóò gba àfikún ìpààrọ̀ kan, ẹni tí ó jáde kò sì gbọdọ̀ padà wọlé. Níbi tí àwọn tí ń kọ òfin ti ń ṣìnà ni pé wọ́n máa ń fi ìpinnu náà sọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹni tí ó fẹ́ borí. Ẹ fi sọ́wọ́ ẹni tí èsì eré kò kàn, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ìfura ti tó.

Àwọn mìíràn wà tí kì í ra fìlà, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń fòfin de fífi orí kan bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì lọ sùn. N kò lòdì sí i fún ọmọdé. Ìwádìí Yunifásítì Glasgow ní ọdún 2019 fi hàn pé àrùn tí ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ pa àwọn tí ó ti fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ rí ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Amẹ́ríkà ti fòfin dè é fún ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ láti ọdún 2015, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tílándì àti Àríwá Áílándì sì yọ ọ́ kúrò nínú ìgbáradì ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n bí aṣọ́lé bá ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù sójú ọ̀run, tí a sì ń ju bọ́ọ̀lù wọlé láti òkè orí, bọ́ọ̀lù yóò ṣì máa dé ibi orí ọmọ, ọmọ yóò sì kàn án kí ó tó rántí òfin. Ẹ jẹ́ kí aṣọ́lé yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá, kí ẹ sì yé fẹ́ bọ́ọ̀lù le bí òkúta: òfin gba agbára afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù láti 0.6 dé 1.1 ní ìwọ̀n “atmosphere”, kò sì sẹ́ni tí ó ní kí ẹ dé òkè téńté. Ní ti àwọn tí ó fẹ́ yọ fífi orí kan bọ́ọ̀lù kúrò nínú eré àgbà pátápátá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

N kò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́. Ẹ de òpó góòlù alágbèéká mọ́lẹ̀. Ó ti wó pa ọmọdé rí, Òfin Kìn-ín-ní sì ti sọ ọ́.

Ẹ má ṣe jí góòlù tí ń parí eré lójú ẹsẹ̀ dìde. Wọ́n pa á tì ní ọdún 2004.

Bí ẹ bá fẹ́ lo òfin tuntun ti ọdún 2025, tí aṣọ́lé tí ó bá di bọ́ọ̀lù mú kọjá ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ ń fi kọ́nà fún ẹgbẹ́ kejì, ẹ kọ́kọ́ kọ́ rẹfirí yín bí a ṣe ń fi ìka ka márùn-ún tí ó kẹ́yìn sókè.

Ìránnijáde fún ìgbà díẹ̀ dára fún ẹni tí ó bá ń bú rẹfirí, ìyẹn ni a ń fi í ṣe nínú eré ìpele ìsàlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú 90. Ẹ má ṣe fi í rọ́pò káàdì pupa. Mo ti rí ìdíje kan tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹgbẹ́ má baà dín kù: ẹni tí ó ta ẹsẹ̀ lu ojúgun ẹlòmíràn lọ jókòó, ó mu omi, ó sinmi, ó sì padà wá tẹ̀ síwájú níbi tí ó dé.

Ìwé òfin kan dé ọ̀dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Òfin kẹrin inú rẹ̀ sọ pé góòlù tí ọmọ bá fi orí kàn wọlé yóò jẹ́ méjì, ìwé owó igba fìlà onítìmùtìmù ni wọ́n sì fi pín-ìnì so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.