Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ríra Bàtà Ìgbà Ooru fún Ọmọ Tí Kì Í Jókòó Jẹ́ẹ́

Sálúbàtà ọmọ mi kan là ní ọjọ́ kọkànlá tí mo rà á. Mo mọ iye ọjọ́ náà nítorí pé rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì mi. Kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú. Ó nípọn, ó wúwo, òwú funfun sì yí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ po bíi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rán an. Ṣúmékà tí mo gbé e lọ bá fi èékánná ha òwú náà, ó ní, “Ẹ wò ó, mà, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe àwòrán òwú síbí.” Gọ́ọ̀mù nìkan ló so òkè bàtà mọ́ ìsàlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi ojú ra bàtà ọmọ mọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń rà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi náà ti ṣe é rí.

Ẹ má ra èyí tó tóbi “kó lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀”

Àṣìṣe yìí ló jọ ọgbọ́n jù lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ ń yára dàgbà, nítorí náà a ó ra èyí tó fi nọ́ḿbà méjì jù ú lọ, a ó wá fi òwú tàbí ìwé di imú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti wọ̀ ọ́ tán, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀, á sì máa fi ìka ẹsẹ̀ há a mọ́lẹ̀ kó má bàa bọ́. Imú bàtà tó ṣófo á máa kọ ilẹ̀ nígbà tó bá ń sáré, ọmọ á sì máa ṣubú.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ibì kan wà lára bàtà tí ẹni tó ṣe é ti mọ̀ pé yóò máa ká: abẹ́ ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí bàtà bá tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ká àti ibi tí bàtà ti yẹ kó ká kò ní bára mu. Bàtà á wá máa ká níbi tí wọn kò ṣe fún kíká, gọ́ọ̀mù ibẹ̀ á máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a rà kó lè pẹ́ ṣe máa ń bàjẹ́ ṣáájú èyí tó ṣe rẹ́gí.

Àyè tí ọmọ nílò níwájú ìka rẹ̀ tó gùn jù (kì í ṣe gbogbo ọmọ ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù o) kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Nínú nọ́ḿbà bàtà ti Yúróòpù, láti nọ́ḿbà kan sí èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 7. Nínú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta íǹṣì ni, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 8.5. Bí ẹ bá wá fi nọ́ḿbà méjì kún un, ẹ ti fi sẹ̀ǹtímítà kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lé orí àyè tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nọ́ḿbà gan-an kò ṣeé gbára lé pátápátá, torí nọ́ḿbà 26 ilé iṣẹ́ kan lè kúrú ju nọ́ḿbà 26 ilé iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró lórí páálí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri. Kó má jókòó, torí ẹsẹ̀ máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí ara bá dúró lé e. Ẹ fi bírò yí ẹsẹ̀ méjèèjì po, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1 kún iwájú èyí tó tóbi, kí ẹ gé e. Páálí yìí ni kí ẹ mú lọ sọ́jà. Bó bá ń ká nínú bàtà, bàtà náà kéré nìyẹn. Ó sàn ju kí a máa fi àtàǹpàkò tẹ imú bàtà lọ, torí tí a bá ti ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọmọ máa ń ká ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, àwa á ní àyè ṣì wà.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, mo máa ń tún páálí náà gé ní oṣù méjì-méjì. Tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ta, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tó. Ohun tí èyí ń sọ ni pé ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ni bàtà náà fi ní iṣẹ́ ṣe. Kó ṣáà ti lè dúró títí ẹsẹ̀ yóò fi jù ú lọ.

Ẹ má fi sílípáàsì ránṣẹ́ sí pápá ìṣeré

Sílípáàsì dára ní balùwẹ̀ àti létí omi. Ọmọ tó ń gun igi, tó ń gun kẹ̀kẹ́, tó ń lé bọ́ọ̀lù nílò ohun tó so mọ́ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí i, ìka ẹsẹ̀ ni yóò máa fi di bàtà mú, okùn tó wà láàárín ìka á sì já.

Àwọn bàtà fóòmù oníhò náà ní ibi tí wọ́n ti wúlò, torí wọ́n fúyẹ́, omi kì í dúró nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2008, àjọ CPSC tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé irú bàtà rírọ̀ báyìí lè há sínú àtẹ̀gùn oníná, ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ló sì máa ń bá a há jù. Ẹ má sì gbàgbé wọn sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, torí fóòmù EVA, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe wọ́n, máa ń sún kì nínú ooru. Mo ti rí èyí tó wọlé sínú ọkọ̀ ní nọ́ḿbà ọmọ ọdún márùn-ún, tó jáde bíi ti ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ẹ má ka nínípọn sí agbára

Ìsàlẹ̀ tó nípọn tí kò ká ń ti gbogbo wàhálà sí ojú ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ ti pàdé, ọmọ kékeré á sì máa rìn bí ẹni tó wọ bíríkì. Ẹ gbá imú àti gìgísẹ̀ bàtà mú, kí ẹ ká a. Níwájú ni kó ti ká, kì í ṣe láàárín méjì bí ìwé. Ẹ fún un bí ẹni ń fún aṣọ: ó lè yí díẹ̀, kó má ṣe lọ́ pọ̀. Ẹ fi ìka méjì tẹ ẹ̀yìn gìgísẹ̀, kó tì yín padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀. Fóòmù lásán máa ń gba àpá, kó má sì tètè kún padà, ilẹ̀ líle á sì jẹ ẹ́ tán kíá. Rọ́bà á ta padà. Èyí tó wù mí jù ni rọ́bà níbi tó ń kan ilẹ̀, kí fóòmù wà lókè rẹ̀.

Ẹ wá wo imú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé imú bàtà ni búréèkì kẹ̀kẹ́ wọn, òun náà ni wọ́n fi ń gun ògiri. Sálúbàtà tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ gòkè wá bo ìka ló máa gba ìyà yẹn mọ́ra.

Okùn tó ń lẹ̀ mọ́ra, èyí tó máa ń dún ràràrà tí a bá ń já a, rọrùn fún ọmọ, ṣùgbọ́n iyanrìn àti irun á kún ẹnu rẹ̀ títí kò ní lẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Kóòmù eléyín wẹ́wẹ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló ń fẹ́. Ibi tí okùn ti wọ inú ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fà dáadáa kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá rí i tó ń ṣí ẹnu lórí àtẹ, ẹ dá a padà.

Ẹ má rò pé awọ ló ń borí ní gbogbo ìgbà

Awọ dára, ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kì í rí omi kó má tẹ̀ ẹ́ yóò sọ ọ́ di ohun tó le gbagidi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá tí a bá ń sá a sínú oòrùn ganrínganrín. Okùn ọ̀rá tí wọ́n hun ló yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi í sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ má sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, torí ó máa ń mú kí gọ́ọ̀mù rọ̀.

Ẹ má tọ́jú bàtà pamọ́ de ọdún mẹ́ta

Ọjà ẹ̀dínwó ló máa ń tì wá sí i. Ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi polyurethane (irú ike kan) ṣe lè máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà gbígbẹ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ rí, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ níbi tó wà.

Ti ẹ̀gbọ́n tí a fẹ́ gbé fún àbúrò, ẹ yí i dojú bolẹ̀ wò. Bí gìgísẹ̀ bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n ń gbà rìn ni àbúrò yóò máa gbé rìn.

Èyí tó ti já náà, ẹ má tíì jù ú nù. Ti ọmọ mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló máa ń lu, níbi àtàǹpàkò, òsì á sì wà bí ìgbà tí a rà á. Ó pẹ́ kí n tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, tí mo rí i tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ wálẹ̀, tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, tó ń wọ́ imú bàtà rẹ̀ nílẹ̀ gààràgà. Búréèkì kẹ̀kẹ́ náà ni mo kọ́kọ́ tún ṣe, kí n tó lọ ra bàtà mìíràn.