Bí a ṣe ń tún dífù ọkọ̀ onírìmóòtù ṣe kí eyín rẹ̀ má baà jẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ àbúrò mi gbé ọkọ̀ onírìmóòtù rẹ̀ wá bá mi. Ó ní òun ti ra gíà onírin tuntun sí i, òun ti náwó, síbẹ̀ bí òun bá ti tẹ̀ ẹ́ kó sáré, "ká-ká-ká-ká" ni òun ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo tú u. Lẹ́búlẹ́bú irin ti kún inú gírísì, ó ń dán yinrinyinrin, píníọ̀nù, gíà kékeré inú rẹ̀, sì dà bí àgbàdo tí eku ti jẹ lápá kan. Bátìrì méjì péré ló fi sáré. Gíà yẹn kò lẹ́bi. Kò fi ṣíìmù kankan, ìyẹn wáṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dí àyè, sí i ni.

Irú rẹ̀ tí mo ti tú pọ̀. Kò sẹ́ni tí kò lè tú dífù, kò sì sẹ́ni tí kò lè fọ̀ ọ́. Ibi tí kíráùn, gíà ńlá rẹ̀, ti pàdé píníọ̀nù ni wọ́n ti ń bà á jẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì máa pẹ́ sí jù.

Ẹni tó bá ti dúró ti mẹ́káníkì lábẹ́ danfo rí ti mọ iṣẹ́ dífù. Bí ọkọ̀ bá ń yà, táyà tó wà níta ń rìn jìnnà ju ti inú lọ, dífù ló sì ń jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yí bó ṣe yẹ ẹ́. Slash 4x4 ti Traxxas, ilé-iṣẹ́ tó wà ní McKinney ní ìpínlẹ̀ Texas, ní dífù méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kílọ́ọ̀ṣì tó máa ń yọ̀ sì wà láàárín. Èyí tó tóbi bíi Arrma Kraton 6S ní mẹ́ta, torí wọ́n fi ọ̀kan sáàárín pẹ̀lú. Kíráùn ni gíà ńlá tó rí bí adé. Píníọ̀nù ni kékeré tó ń yí i. Inú ago dífù ni gíà méjì tó di ọ̀pá táyà mú wà, pẹ̀lú àwọn gíà kéékèèké tó ń yí láàárín wọn.

Kí ẹ tó tú u

Ẹ yọ bátìrì kúrò. Kì í ṣe pé kí ẹ pa á lásán o, ẹ yọ ọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn kan. Ìkejì gbọ́dọ̀ máa yí sí òdìkejì, ọwọ́ yín sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan tó ki ń fà á díẹ̀. Bó bá ń yí wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ọ́ìlì ti jò tán. Bó bá ń kọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, eyín kan ti kán nínú ago.

Ẹ ní álẹ́ǹ-kíì 2 mm àti 2.5 mm tó ní ọwọ́ bíi síkúrúdíráfà. Èyí tó tẹ̀ bí ìkọ́, tó máa ń bá ọkọ̀ wá nínú páálí, ẹ má fi kan síkúrúù kíráùn láéláé. Ó máa ń jẹ orí síkúrúù, bí orí síkúrúù bá sì ti jẹ, iṣẹ́ ọ̀sán kan di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Irinṣẹ́ yìí ni mo ní kí ẹ náwó sí. Ìyókù wà nílé: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, àkísà funfun, síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, àti kíréètì ẹyin tí ẹ máa to síkúrúù sí bí ẹ ṣe ń tú wọn, ihò kọ̀ọ̀kan fún ibi kọ̀ọ̀kan. Kíréètì ẹyin sàn fún mi ju abọ́ aláwẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́wọ̀n lọ. Ẹ wá ra ṣíìmù 0.1 mm àti 0.2 mm, tó bá ìwọ̀n bẹ́árìn dífù yín mu.

Títú àti fífọ̀

Èyí kò le. Ẹ tú ilé gíà, ẹ yọ dífù jáde, ẹ kọ ibi tí ṣíìmù wà àti iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi fóònù yà á. Bí síkúrúù kíráùn bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ fi ẹnu soldering iron tó gbóná kan orí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dì í yóò rọ̀. Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ irin. Ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ti ike àti rọ́bà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ fi èékánná ra ọ̀pá kékeré tí àwọn gíà inú ago ń yí lórí rẹ̀. Bí èékánná bá kọ́, ọ̀pá náà ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ àti àwọn gíà rẹ̀ lápapọ̀. Gíà tuntun lórí ọ̀pá tó ti jẹ kì í pẹ́. Bẹ́árìn tó bá ń rìn ṣákaṣàka bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀ kò ṣeé fọ̀, ẹ jù ú nù.

Inú ago

Ẹ pààrọ̀ òrùka rọ́bà tó ń dí ojú ihò ọ̀pá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti tú ago. Kò wọ́n, òun ló sì ń dá ọ́ìlì dúró. Gírísì sílíkónì ni kí ẹ fi pa á. Gírísì ọkọ̀ ńlá máa ń mú rọ́bà sílíkónì wú, rọ́bà tó bá sì ti wú kò ní dí ihò dáadáa mọ́. Rọ́bà ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà wáṣà, lẹ́yìn náà gíà. Mo ti rí ẹni tó gbé wáṣà ṣíwájú rọ́bà, ọ́ìlì rẹ̀ tán kó tó parí bátìrì kan.

Ọ́ìlì sílíkónì ti dífù ni kí ẹ lò. Ọ́ìlì gíà tí wọ́n ń dà sí àáṣù danfo kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ tún ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara ìgò. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó: cSt ni wọ́n fi ń wọn ti dífù, wt, tó jẹ́ ìwọ̀n mìíràn, sì ni wọ́n sábà máa ń kọ sára ti ṣọ́kì. 30 wt tí àwọn kan ń dà sínú dífù pé 30,000 ni kò ju nǹkan bíi 350 cSt lọ, bí omi ló rí nínú ago.

Ẹ rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ yí ọ̀pá ìsàlẹ̀ kí ọ́ìlì lè wọ abẹ́ gíà. Bó bá ti bo ọ̀pá àwọn gíà kéékèèké tán, ẹ dúró. Ẹ má kún ago dé ẹnu. Ọ́ìlì máa ń wú bó bá gbóná, bí kò bá sì rí àyè, yóò wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà jáde. Ẹ wá gbé e kalẹ̀ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè gòkè wá. Ọ́ìlì 10,000 lè fẹ́ wákàtí kan. Ti 100,000, mo máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, pẹ̀lú abọ́ tí mo dé lé e nítorí eruku. Lówùúrọ̀, ẹ ó rí i pé ó ti wálẹ̀, ẹ fi díẹ̀ kún un.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń di síkúrúù mú kan ẹnu síkúrúù tó ń wọ ago onírin. Bí ago bá jẹ́ ike, ẹ má fi sí i rárá, ó máa ń mú ike sán. Bí mẹ́káníkì ṣe ń di nọ́ọ̀tì táyà ni kí ẹ ṣe di síkúrúù kíráùn: ẹ di ọ̀kan, ẹ di èyí tó kọjú sí i, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo wọn yóò fi jókòó. Bí ẹ bá di apá kan tán kí ẹ tó lọ sí ìkejì, kíráùn yóò jókòó ní wíwọ́, kò sì sí ṣíìmù tó lè wo àrùn yẹn sàn.

Kíráùn àti píníọ̀nù

A dé ibẹ̀ báyìí, ẹ fara balẹ̀. Bí kíráùn bá jìnnà sí píníọ̀nù, ṣóńṣó eyín nìkan ló ń kan ara wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ ọkọ̀ tagbára-tagbára, tàbí tó fò tó sì balẹ̀ pẹ̀lú táyà tó ṣì ń yí, kíráùn yóò sún sẹ́yìn, eyín yóò fo ara wọn. "Ká-ká-ká" tí ọmọ àbúrò mi ń gbọ́ nìyẹn, ìró kọ̀ọ̀kan sì ń gé irin díẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì há jù, ooru ni yóò pa wọ́n: bẹ́árìn á jóná, bátìrì á tètè tán.

Nítorí náà, ẹ yọ píníọ̀nù kúrò ná. Ẹ gbé dífù nìkan sínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́árìn méjèèjì, ẹ di ilé náà pa. Ẹ di gbogbo síkúrúù rẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ di ilé gíà mú lásán, wọ́n á yí i, á dùn mọ́ wọn nínú, wọ́n á wá di síkúrúù, ike á fún pọ̀, ohun gbogbo á yí padà. Ìwọ̀n tí ẹ gbà kí síkúrúù tó dì kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹ ti dífù sọ́tùn-ún, ẹ tì í sósì. Bó bá ń sún, ẹ máa fi ṣíìmù kún un títí kò fi ní sún mọ́, àmọ́ tó ṣì ń yí fúnra rẹ̀ láìhá.

Ẹ wá dá píníọ̀nù padà. Ṣíìmù tó bá wà lẹ́yìn kíráùn ń tì í lọ bá píníọ̀nù, èyí tó wà ní òdìkejì ń gbé e jìnnà. Ẹ máa yọ 0.1 mm ní òdìkejì, kí ẹ fi sí ẹ̀yìn kíráùn, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún ilé gíà dì pa nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka méjì yí píníọ̀nù títí kíráùn yóò fi yí po lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Ó ń súni, mo mọ̀. Ẹ máa bá a lọ títí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ṣíìmù 0.1 mm kan padà sí òdìkejì. Ibẹ̀ ló ti dára. Bí ẹ bá di kíráùn mú tí ẹ sì fi ìka mi píníọ̀nù, ó yẹ kó mì fín-ín-fín, bí eyín ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa mì.

Bó bá ń há ní ojú ibì kan ṣoṣo nínú yíyípo, tó sì ń dẹ̀ ní òdìkejì rẹ̀, kíráùn wọ́ ni. Ẹ padà sí síkúrúù rẹ̀. Ẹ má fi ṣíìmù bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí n kì í fo: mo máa ń fi máàkà dúdú kun eyín kíráùn bíi márùn-ún, mo di ilé gíà, mo yí i nígbà mélòó kan, mo tún tú u. Ibi tí máàkà ti paré ni eyín ti ń kan ara wọn. Àárín eyín ni mo fẹ́ kó paré. Bó bá jẹ́ etí rẹ̀ nìkan, mo tún ṣíìmù tò.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi gírísì dúdú tó lẹ̀ mọ́ nǹkan pa eyín kíráùn. Ìwọ̀nba tó bo eyín ti tó.

Ohun tó yẹ kí ẹ rà, àti ọ́ìlì tí mò ń lò

Bí ẹ bá ń ti bátìrì 2S (sẹ́ẹ̀lì méjì, 7.4 fóòlùtì) bọ́ sí 3S (sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, 11.1 fóòlùtì), ago onírin ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra gíà tó wọ́n. Ike máa ń tẹ̀ nígbà tí agbára bá dé, kíráùn á sì sún kúrò nídìí píníọ̀nù bó ti wù kí ẹ to ṣíìmù dáadáa tó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kíráùn àti píníọ̀nù irin, èyí tí eyín rẹ̀ dábùú. Ẹ rà wọ́n pọ̀, ẹ má so tuntun mọ́ ògbólógbòó.

Fún ọkọ̀ oní-dífù méjì, 30,000 níwájú àti 10,000 lẹ́yìn ni mò ń dà sí i. Fún oní-mẹ́ta, mo máa ń fi 100,000 sáàárín. Bí ti àárín bá fúyẹ́ jù, gbogbo agbára á sá lọ síwájú, táyà iwájú á máa wú bíi bàlúùnù nígbà tí ti ẹ̀yìn kò rí nǹkan ṣe.

Ẹ má fún kílọ́ọ̀ṣì pa nítorí pé gíà ti di irin. Òun ló ń gba ìyà tí dífù ì bá jẹ. Mo máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn yíyọ̀ kúkúrú bí ọkọ̀ bá gbéra láti ibi tó dúró.

Bátìrì àkọ́kọ́, ẹ sáré wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fò rárá. Bó bá tán, ẹ fọwọ́ kan ilé gíà: ó lè lọ́wọ́ọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ jóni. Ẹ tú u lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wo gírísì lábẹ́ iná. Bó bá ti ń dán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ṣíìmù 0.1 mm kan wò ó lẹ́yìn kíráùn, kí ẹ tún un dì. Èmi ń tú tèmi lẹ́yìn bátìrì ogún, àti ní ọjọ́ náà gan-an bó bá wọ omi.