Bí mo ṣe fi ọwọ́ lọ pẹlẹbẹ igi tó ti di òkúta títí tó fi dán

Àpá ayùn ṣì wà lójú pẹlẹbẹ náà nígbà tí mo rà á. Ayùn olójú dáyámọ́ǹdì ni wọ́n fi gé e lára ìtì igi, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ojú rẹ̀ rí hẹrẹhẹrẹ, ó ṣú, kò sì jọ ohun tí ènìyàn ń náwó lé. Àwọn tí wọ́n ti mú dán tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pupa wọn ń tàn yanran. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ lọ òkúta báyìí ló máa ń mọ ibi tí igi ṣì kù nínú rẹ̀ àti ibi tí òkúta ti gbà á pátápátá, ohun tí mo sì fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Kí n tó sanwó, mo bu omi díẹ̀ sí i lójú. Omi máa ń dí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ayùn fi sílẹ̀, nítorí náà ohun tó bá hàn nígbà tí òkúta tutù ni yóò hàn nígbà tó bá dán. Pupa jáde, ìyeyè jáde, apá kan létí sì dúdú pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Apá dúdú yẹn ló mú ojú mi. Lẹ́yìn náà mo dúró kí omi náà máa gbẹ, mo sì ń wò ó. Ibi tí òkúta bá ti sán kì í tètè gbẹ. Ìlà tó ṣókùnkùn máa ń kù síbẹ̀ nígbà tí gbogbo ara yòókù bá ti gbẹ tán. Mo rí ẹyọ kan, kò sì gùn. Mo fi èékánná kan pẹlẹbẹ náà gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ó dáhùn ketekete, kò dún bí ohun tó ti là nínú.

Mo tún béèrè ibi tó ti wá. Arizona ni, ní Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ aládàáni. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òfófó. Ní ọdún 1906 ni Ààrẹ Theodore Roosevelt kéde Petrified Forest ní Arizona gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìjọba ń dáàbò bò, ó sì di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1962. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú òkúta kankan jáde níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń jí i mú lọ, àwọn mìíràn nínú wọn a sì fi í ránṣẹ́ padà lẹ́yìn ọdún gbọọrọ pẹ̀lú lẹ́tà ìtọrọ àforíjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà kò lè dá a padà sí ààyè rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti kúrò mọ́. Ibì kan ni wọ́n ń kó irú wọn jọ pelemọ sí. Lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tí àjọ Bureau of Land Management ń bójú tó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: níbi tí wọn kò bá ti fi òfin dè é, ènìyàn lè ṣa ìwọ̀n pọ́ùn 25 àti ègé kan lé e lóòjọ́, kó má ju pọ́ùn 250 lọ lọ́dún, fún ìlò ara rẹ̀. Títà ni kò gbọ́dọ̀ tà á. Nítorí náà, bí òǹtajà bá ń ta igi Arizona tí kò sì lè sọ orí ilẹ̀ ta ni ó ti wá, mi ò ní rà á.

Ó ju mílíọ̀nù 200 ọdún lọ tí igi yìí ti wó, ní sáà tí wọ́n ń pè ní Triassic. Odò gbé àwọn ìtì náà lọ, ẹ̀ka àti èèpo bọ́ dànù lójú ọ̀nà, ẹrẹ̀ àti iyanrìn tó dàpọ̀ mọ́ eérú òkè oníná sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, igi kì í tètè jẹrà. Omi abẹ́ ilẹ̀ ń yọ́ silica, ohun tó pọ̀ jù nínú iyanrìn, láti inú eérú náà, ó ń gbé e wọnú igi, silica sì ń jókòó díẹ̀díẹ̀ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì àti sára ògiri wọn, títí gbogbo rẹ̀ fi di quartz, òkúta líle tí silica máa ń dì. Irin tó bá omi yẹn wọlé ló mú pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ilẹ̀ wá. Dúdú sábà máa ń wá láti ara manganese, mẹ́táàlì kan bí irin, tàbí èédú igi náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n silica kì í bá gbogbo ara igi bákan náà. Ibi tó bá tètè dé, sẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ títí dòní. Ibi tí igi bá ti jẹrà ṣíwájú rẹ̀, tàbí tí quartz bá ti hù bó ṣe fẹ́, àwọ̀ nìkan ló kù. Arizona lókìkí nítorí àwọ̀, ọ̀pọ̀ igi rẹ̀ ni kò sì ní ohun tó pọ̀ láti fi hàn lẹ́yìn àwọ̀ náà.

Mi ò ní ẹ̀rọ. Gíláàsì kan tó nípọn tó sì tẹ́jú ni mo gbé sórí tábìlì, pẹ̀lú ẹ̀rún silicon carbide tí wọ́n fi ń lọ òkúta, nọ́ńbà 80, 220, 500 àti 1000, omi, búrọ́ọ̀ṣì, garawa, ègé awọ tí mo lẹ̀ mọ́ pákó, àti lẹ́búlẹ́bú cerium oxide tí wọ́n fi ń mú òkúta dán. Bí nọ́ńbà ẹ̀rún bá ṣe ń ga ni ó ṣe ń kúnná sí i. Quartz wà ní 7 lórí ìwọ̀n líle ti Mohs, tó lọ láti 1 dé 10, ọ̀bẹ kò lè ha á. Silicon carbide lé ní 9, ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti lọ ata rí mọ iṣẹ́ náà: gíláàsì ni ìyá ọlọ, pẹlẹbẹ ni ọmọ ọlọ, àfi pé ọmọ ọlọ gan-an la fẹ́ kó jẹ.

Mo kán gúlùú tó ṣàn bí omi sínú ibi tó sán, mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa. Mo fi òkúta ìpọ́nbẹ àti omi pa etí pẹlẹbẹ náà yí ká kó má mú mọ́, torí etí quartz tó bá mú máa ń bó, èyí tó bá bó yẹn a sì wọ abẹ́ òkúta lọ ha ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà ìbú àti òró sí gbogbo ojú ibi tí n óò lọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà kan bá ṣì kù, ojú òkúta kò tíì tẹ́.

Mo bu ẹ̀rún 80 sórí gíláàsì, mo wọ́n omi sí i, mo gbé pẹlẹbẹ lé e, mo sì ń yí i bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8. Ẹ̀rún tuntun a máa ké ṣàà. Bó bá ti ń fọ́, ohùn náà a lọ sílẹ̀, ẹrẹ̀ a ki, pẹlẹbẹ a sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Mi ò wo aago rárá, ohùn yẹn ni mò ń tẹ̀lé: bó bá ti dákẹ́, mo nu ẹrẹ̀ kúrò, mo bu òmíràn. Mo tún ń yí ìdí òkúta náà padà lọ́wọ́ mi léraléra, nítorí ọwọ́ ènìyàn kì í tẹ ibi gbogbo dọ́gba. Ìlà pẹ́ńsùlù tó wà létí kò pẹ́ parẹ́. Ti àárín ló ya alágídí, torí ayùn ti jẹ ibẹ̀ wọnú díẹ̀, gbogbo ara yòókù sì ní láti wálẹ̀ bá a. Apá ro mí. Kò sí ọgbọ́n kankan tí a lè dá sí i ju kí a máa lọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tó bá kánjú fi nọ́ńbà 80 sílẹ̀ yóò tún pàdé àpá ayùn náà ní ìparí iṣẹ́, cerium oxide kò sì lè gbà á.

Láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì, ìwẹ̀ ni. Mo wẹ òkúta, mo wẹ gíláàsì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ yọ abẹ́ èékánná mi, mo sì pààrọ̀ aṣọ ìnuwọ́. Ẹ̀rún 80 ẹyọ kan péré tó bá dá ara rẹ̀ mọ́ 500 ti tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Gbogbo omi ìwẹ̀ yẹn, inú garawa ni mo dà á sí. Bí ẹrẹ̀ bá ti rì sísàlẹ̀ tán, mo da omi orí rẹ̀ nù síta, mo sì kó ẹrẹ̀ sínú ààtàn. Bí ènìyàn bá dà á sínú páìpù, yóò dí i pa.

Ọ̀rọ̀ eruku náà kò gba àwàdà. Èérún quartz tó wẹ́ jù ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde. Àìsàn silicosis tó ń fà kò ní ìwòsàn. Nítorí náà, mi ò lọ òkúta yìí ní gbígbẹ rí, mo sì ń nu ẹrẹ̀ orí tábìlì kí ó tó gbẹ, torí bó bá gbẹ tán, eruku náà ló tún dà.

Nọ́ńbà 220 àti 500 kò ní ìtàn. Lẹ́yìn 1000, ojú pẹlẹbẹ ti ń jọ̀lọ̀, bí mo bá sì gbé e dábùú sójú iná, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà díẹ̀. Omi tó ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mò ń rà á wá di ẹlẹ́tàn ní ìpele yìí, torí òkúta tó tutù a máa dà bí èyí tó ti dán. Mo nu ún gbẹ kí n tó dá a lẹ́jọ́. Mo rí ìlà kan tó gba ojú rẹ̀ kọjá, mo padà sí 500.

Mo po cerium oxide mọ́ omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ sórí awọ, mo sì tẹ òkúta mọ́ ọn. Nígbà tí awọ bá tutù jù, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tí awọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa òkúta lọ́wọ́ ènìyàn, tí ara òkúta sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìgbà yẹn gan-an ni dídán ń wọlé. Pupa ló kọ́kọ́ dán, ìyeyè tẹ̀ lé e. Ibì kan létí kọ̀ jálẹ̀, torí òkúta ibẹ̀ rọ̀, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́. Àwọn kan á fi gúlùú dí irú ibẹ̀ kó lè dán bákan náà. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀; bí silica ṣe wọlé síbẹ̀ ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe gúlùú mi.

Mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 jáde. Ninu pupa tó lẹ́wà yẹn, mi ò rí igi kankan. Quartz ni látòkè délẹ̀, pẹ̀lú òkúta wínníwínní tó hù sínú àlàfo. Nígbà tí mo gbé awò dé apá dúdú, ọ̀rọ̀ yí padà: sẹ́ẹ̀lì tò ní ìlà gbọnrangandan láti inú bọ̀ sí etí, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ara wọn, kò sì sí ihò ńlá kan láàárín wọn. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ igi tó ń so kóònù nìyẹn, irú páìnì. Igi bí óákù máa ń ní ihò gbàǹgbà tí omi ń gbà, èyí tí ojú lásán pàápàá lè rí. Ti ọ̀pẹ a máa jẹ́ tóótòòtó tó fọ́n káàkiri láìsí òrùka ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé igi óákù ni pẹlẹbẹ òun tó ti inú ilẹ̀ Triassic ní Arizona wá, ẹ bi í dáadáa, torí àwọn igi olódòdó kò tíì sí láyé nígbà náà. Orúkọ tí wọ́n sábà máa ń fún tèmi yìí ni Araucarioxylon arizonicum, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ti rí i pé igi tí wọ́n kó sábẹ́ orúkọ yẹn ju oríṣi kan lọ.

Àwọn tó wá kí mi, pupa ni wọ́n ń fọwọ́ pa. Èmi, apá dúdú tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ ni mo ń gbé awò lé. Bí mo bá tún fẹ́ ra òmíràn, n óò mú pẹlẹbẹ àwọ̀ ilẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pé ju aláwọ̀ pupa lọ, kódà bí owó wọn bá jọra.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mi ò lọ̀. Mo kun ọ̀dà funfun díẹ̀ síbẹ̀, mo sì fi yíǹkì kọ ọ́ pé Arizona, ilẹ̀ aládàáni, Triassic, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo rà á. Mi ò fi òróró tàbí fáníìṣì pa á; quartz tó dán kò nílò wọn, ọṣẹ àti omi ti tó fún un. Ìdúró onígi tó gbé e ró látìsàlẹ̀ ni mo gbé e lé, ní àárín tábìlì, torí bó ti le tó yẹn, bó bá já lulẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.